Òǹtẹ̀ Ara Ètò: Linux àti Ààbò Owó Báńkì ní Ilẹ̀ Yewa

Ọ̀rọ̀ ààbò owó ní ilẹ̀ Yewa ti kúrò ní ọ̀rọ̀ kóló àti àpótí onírin nìkan, nítorí pé láti ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ìlànà ìdínkù owó bébà ní Èkó lọ́dún 2012, tí ó sì mú un dé ìpínlẹ̀ Ògùn pẹ̀lú àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́dún 2013, ni owó àwọn ará Ìlaròó, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ àti Ìdí-Ìrókò ti ń kúrò lọ́wọ́ bọ́ sínú àkáǹtì díẹ̀díẹ̀. Ọ̀wọ́n owó tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, ló wá sọ fífi owó ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ di ohun tí aláta pàápàá kò lè ṣaláì mọ̀.

Òótọ́ ni pé fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe èyí, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kọ̀ǹpútà ṣì wúlò fún ju fóònù lọ. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó gbọ́dọ̀ sanwó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, akọ̀wé owó ní ilé-ìwé aládàáni, oníṣòwò tó ń ra ọjà ní Kútọnu tó sì ní láti fi iye náírà wé iye sẹ́fà kó tó sanwó, àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìlaròó lọ́dún 1979, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Póli, gbogbo wọn ló rọrùn fún láti yẹ àkọsílẹ̀ owó wò lórí ojú ẹ̀rọ tó fẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wọn sábà máa ń jẹ́ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí ẹlòmíràn ti lò rí ní òkè òkun, tí wọ́n rà ní ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà tàbí lọ́wọ́ ẹni tó lọ rà á níbẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gba ètò Linux, ètò náà kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ni irú olè tí ó lè dá dúró lẹ́nu ọ̀nà àkáǹtì, àti irú èyí tí kò lè dá dúró.

Ohun tí Linux jẹ́

Kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí rẹ̀. Ètò ìpìlẹ̀ yìí ló ń gba ohun tí a bá tẹ̀, tó ń tọ́jú fáìlì, tó sì ń pinnu ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ kàn àti ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Windows tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣe ló pọ̀ jù lọ lórí láptọ́ọ̀pù, Linux sì jẹ́ òmíràn tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ló gbé ọkàn ètò náà jáde lọ́dún 1991, tí wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ àwọn ètò GNU tí Richard Stallman ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983. Nítorí pé ẹnikẹ́ni ló ní àṣẹ láti ka àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, láti tún un ṣe àti láti pín in fún ẹlòmíràn, oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ti jáde lára rẹ̀: Debian bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu ka orí Debian lọ́dún 2004, Linux Mint sì tẹ̀lé e lọ́dún 2006, èyí tí ojú rẹ̀ fi jọ Windows débi pé ẹni tó ti lo Windows rí kò ní pẹ́ mọ ọ̀nà inú rẹ̀. Ọkàn Linux yìí kan náà ló wà nínú fóònù Android, nítorí náà àìmọye ará Yewa ló ti ń lo Linux láì mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú ni pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró, àyàfi fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè èròjà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì tún ń béèrè pé kí ọpọlọ ẹ̀rọ jẹ́ tuntun dé ìwọ̀n kan, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ṣì lágbára kò lè gbà á ní ọ̀nà tó tọ́. Ẹni tó ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè máa lo Windows 10 lọ láìsí àtúnṣe, kí ihò tuntun tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ máa wà bẹ́ẹ̀ láìdí, ó sì lè yàn láti fi Linux sí i. Àwọn tó ń ṣe Linux Mint sọ pé ìrántí gígábáìtì 2 ti tó fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 ló dára jù.

Ibi tí ètò ti wá

Àwọn ará ibodè mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjà tó gba ojú títì Ìdí-Ìrókò wọlé pẹ̀lú ìwé àti òǹtẹ̀ àwọn aṣọ́bodè, àti ọjà fàyàwọ́ tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú inú igbó. Ọjà kejì lè dára, owó rẹ̀ tilẹ̀ lè dín sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn kò po nǹkan mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ló wà láàárín bí ètò ṣe ń dé orí Linux àti bí ó ṣe ń dé orí Windows tí kò ní ìwé àṣẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ lo Windows láìsanwó sábà máa ń wá ètò kékeré kan tí yóò tan ẹ̀rọ jẹ bíi pé wọ́n ti sanwó, ètò yìí a sì kọ́kọ́ sọ fún un pé kí ó pa ètò aṣọ́nà tó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà kí òun tó wọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ ààbò Red Canary ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ọ̀daràn ń fi ètò aṣebi kan tó ń jẹ́ Cryptbot pamọ́ sínú ayédèrú KMSPico, èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò tí àwọn ènìyàn fi ń tan Windows jẹ. Iṣẹ́ Cryptbot ni láti kó ọ̀rọ̀ ìwọlé tí bíráósà, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ti tọ́jú pamọ́, àti láti kó ohun tó wà nínú àpò owó orí ẹ̀rọ bíi Bitcoin. Ẹni tó sá fún owó Windows lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣí àkáǹtì rẹ̀ sílẹ̀ fún olè láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti wọlé.

Linux kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tàn jẹ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ọ̀nà tí ètò ń gbà dé orí rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní àká tirẹ̀, níbi tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò jọ sí, láti bíráósà Firefox dé orí ètò ìṣirò LibreOffice. Àwọn olùtọ́jú yìí fi kọ́kọ́rọ́ ìṣirò kan tó wà ní ìkáwọ́ wọn nìkan lu àkọsílẹ̀ àká náà ní òǹtẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kejì tó lè yẹ òǹtẹ̀ náà wò sì ti wà nínú ẹ̀rọ olùlò láti ìgbà tí wọ́n ti fi Linux sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ètò náà padà lójú ọ̀nà, ìbáà ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo, òǹtẹ̀ kò ní bá a mu mọ́, ẹ̀rọ yóò sì kọ̀ láti gbà á.

Àká yìí kan náà ni àtúnṣe ń gbà wá, ìyẹn ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní àpdéètì, tó fi jẹ́ pé ìgbà kan náà ni a ń tún ọkàn Linux, bíráósà àti gbogbo ètò yòókù ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 fi hàn bí èyí ti ṣe pàtàkì tó, nígbà tí ètò aṣebi WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa lórí Windows káàkiri àgbáyé tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó dí ihò náà jáde láti oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe ni ìyà jẹ jù, àwọn tó ń lo Windows tí kò ní ìwé àṣẹ sì sábà máa ń pa àtúnṣe kí àṣírí má bàa tú. Ubuntu tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 yóò máa gba àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ọdún márùn-ún gbáko.

Ìdí kejì tí Linux fi le fún olè ni ìpínlẹ̀ àṣẹ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ lójoojúmọ́ kọ́ ló ni àṣẹ gíga tó lè yí ètò ìpìlẹ̀ padà. Ẹ̀rọ yóò béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé kó tó gba ètò tuntun sínú, fáìlì tí a sì gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì kì í kàn dìde ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ètò láìjẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ fún un láyè. Ìdí kẹta ni pé àwọn tó ń ṣe ètò tó ń jí owó báńkì kò fi bẹ́ẹ̀ kọjú sí Linux. Zeus, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 2007, orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì jí owó àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Amẹ́ríkà débi pé ní ọdún 2009, Brian Krebs, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Washington Post, gba wọn níyànjú láti máa tan ẹ̀rọ wọn láti orí àwo Linux nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ wo àkáǹtì. Nígbà tí àwọn ọ̀daràn gbé Hand of Thief jáde lọ́dún 2013, tí wọ́n ń tà á ní 2,000 dọ́là pé yóò jí owó báńkì lórí Linux, kò rí ọjà tà tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé Linux kò ṣeé wọ̀ ni. Àwọn tó ń lò ó lórí láptọ́ọ̀pù kéré níye, olè kò sì fẹ́ràn oko tí èrè rẹ̀ kò tó làálàá. Ààbò àìwọ́pọ̀ nìyẹn, ó sì lè dópin lọ́jọ́ tí iye àwọn olùlò bá pọ̀ sí i.

Ibi tí ògiri ti lanu

Àwọn àgbà sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri Linux ti lanu nígbà mélòó kan, ibi tó sì ti lanu kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ju ibi tó ti le lọ.

Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2016, nígbà tí àwọn ọ̀daràn wọ ojú ìwé Linux Mint tí wọ́n sì yí ọ̀nà ìgbàsílẹ̀ padà, tó fi jẹ́ pé àwọn tó rò pé àwọn ń gba Mint gidi gba èyí tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sí. Inú àká kọ́ ni wàhálà yìí ti wá, orí fáìlì ńlá tí ènìyàn kọ́kọ́ ń gbà kó tó ní àká rárá ni, nítorí náà ni àwọn olùṣe Mint fi ń kọ́ni bí a ṣe ń yẹ òǹtẹ̀ fáìlì náà wò kí a tó fi sórí fláàṣì. Ẹni tó bá gba Linux lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lórí fláàṣì tí kò mọ orísun rẹ̀ ti padà sí ọ̀nà fàyàwọ́.

Èkejì kan owó ní tààrà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ayédèrú ètò kan tó pe ara rẹ̀ ní Exodus, tó jẹ́ orúkọ àpò owó Bitcoin kan tí àwọn ènìyàn mọ̀, wọ ilé-ìtajà ètò tí Canonical, ilé-iṣẹ́ tó ni Ubuntu, ń bójú tó. Ẹnì kan gbà á, ó tẹ àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí àpò owó rẹ̀ sínú rẹ̀, Bitcoin 9 sì lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ẹnikẹ́ni ló lè gbé ètò wá sí ilé-ìtajà yìí nígbà náà láìjẹ́ pé ènìyàn kan yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé inú àká Debian àti Ubuntu gan-an, olùtọ́jú tí a mọ̀ ló ń kó ètò wọlé. Canonical ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ènìyàn yẹ orúkọ tuntun wò láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò yí padà: ètò tó bá jẹ mọ́ owó, ẹni tó ṣe é gan-an ni kí a mọ̀, kì í ṣe orúkọ tó ń jẹ́.

Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù, nítorí pé orísun gan-an ni wọ́n ti po májèlé mọ́ ọn, kí òǹtẹ̀ tó dé orí rẹ̀. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá àwọn tó ń ṣe xz, ètò kékeré tó ń dín ìwọ̀n fáìlì kù, ṣiṣẹ́ láti ọdún 2021 títí tí wọ́n fi fọkàn tán an, ó sì fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft kan, ló ṣàkíyèsí pé wíwọ ẹ̀rọ òun láti òkèèrè ti lọ́ra ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó tọpasẹ̀ rẹ̀, ó sì kéde ohun tó rí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024. Ẹ̀dà náà ti dé inú ẹ̀yà tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ní Debian àti Fedora, tó jẹ́ ẹ̀yà Linux mìíràn, ṣùgbọ́n kò dé ẹ̀yà tó ti fìdí múlẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣètò owó máa sáré lo ẹ̀dà ìdánwò.

Ihò kan tún wà nínú ilé fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ àṣẹ Linux ń ya olùlò kan sọ́tọ̀ kúrò lára olùlò kejì, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ya àwọn ètò olùlò kan náà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ètò aṣebi tí olùlò fọwọ́ ara rẹ̀ tan kò nílò àṣẹ gíga kó tó lè ka ohun tí bíráósà ti tọ́jú, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo wọn. Síwájú sí i, ètò ìfihàn X tó ti wà láti ọdún 1984 fi ètò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti rí gbogbo ohun tí ènìyàn ń tẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ìwọlé báńkì. Wayland, ètò tó ń rọ́pò X, ló dí ihò yìí, Ubuntu sì ti fi ṣe ìlànà rẹ̀ láti ọdún 2021, nígbà tí Linux Mint ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Olè tí Linux kò lè dá dúró

Ọ̀pọ̀ owó tó ń sọnù ní Nàìjíríà kì í gba inú ètò aṣebi lọ rárá. Ẹni tó ni owó gan-an ni wọ́n ń tàn. Oníjìbìtì a pe ènìyàn pé láti báńkì ni òun ti ń pè, pé nọ́ńbà BVN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí gbogbo báńkì ń lò láti ọdún 2014, ní ìṣòro, a sì ní kí ó ka OTP, nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo tó wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yìí fún gbájúẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní owó, ìbáà ṣe Linux ló ń lò, ìbáà ṣe Windows. Ayédèrú ojú ìwé báńkì náà kò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀rọ, àmì àgádágodo kékeré tó ń hàn lókè bíráósà kò sì túmọ̀ sí pé olóòótọ́ ló ni ojú ìwé náà. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tó ń lọ láàárín ẹ̀rọ àti ojú ìwé yẹn.

Fóònù pẹ̀lú ń bá kọ̀ǹpútà pín ewu yìí. Síìmù tí wọ́n jí, tí kò ní nọ́ńbà ìtìpa, lè gba OTP fún olè. Áàpù tó wá láti inú WhatsApp, tí kò gba ilé-ìtajà Google kọjá, ọjà fàyàwọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ọkàn Linux ló ti ń ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe lè ṣètò rẹ̀

Ìṣètò tó dára jù fún ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni kí ó ya ibi owó sọ́tọ̀. Lórí Linux, ó lè dá olùlò kejì sílẹ̀ tí yóò jẹ́ ti báńkì nìkan, tí kò ní fi ṣeré, tí kò ní fi wo fíìmù, tí kò sì ní fi àfikún kankan sí bíráósà rẹ̀. Láti ọdún 2021 ni Ubuntu ti ń ti ilé olùlò kọ̀ọ̀kan mọ́ olùlò yòókù. Ẹni tí kò fẹ́ pa Windows rẹ́ lè fi Linux sórí fláàṣì gígábáìtì 8, kí ó sì máa tan ẹ̀rọ láti orí rẹ̀ ní ìlànà tí Krebs dá lábàá. Ètò aṣebi tó wà nínú Windows kò ní ṣiṣẹ́ ní àkókò yẹn, ohun tí a bá ṣe a sì pa rẹ́ nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ètò orí fláàṣì ń gbó, ó sì gbọ́dọ̀ di títúnṣe látìgbàdégbà. Kò sì ní gba ènìyàn lọ́wọ́ ohun èlò ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n bá so mọ́ kíbọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ẹlòmíràn, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wo àkáǹtì rẹ̀ ní kafé tàbí ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé.

Nígbà tí a bá ń fi Linux sínú ẹ̀rọ, àyè wà láti yàn pé kí ó sọ gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì di àrokò tí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé kò lè kà. Ó yẹ kí a yàn án, nítorí pé láptọ́ọ̀pù tí wọ́n jí nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta yóò wá di àdánù ẹ̀rọ nìkan, kò ní di àdánù àkáǹtì. Lẹ́yìn èyí, kí a máa gba àtúnṣe ní gbogbo ìgbà tó bá dé, kí a má gba ètò níbòmíràn yàtọ̀ sí àká, kí a máa fọwọ́ ara wa tẹ àdírẹ́sì báńkì dípò títẹ ìlujá tó wá nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kí a sì lo tókìn tí báńkì fúnni, èyí tó ń mú nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo jáde, tó fi jẹ́ pé olè tó bá rí ọ̀rọ̀ ìwọlé lórí kọ̀ǹpútà ṣì gbọ́dọ̀ rí ohun kejì lọ́wọ́ ẹni tó ni owó. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó tún sàn kí ẹnì kan máa kọ owó sísan, kí ẹnì kejì sì máa fọwọ́ sí i láti orí ẹ̀rọ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ yìí kò bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹni tó ń fi fóònù nìkan ṣe báńkì kò ní láti lọ ra láptọ́ọ̀pù nítorí Linux. Kí ó ti síìmù rẹ̀, kí ó sì má gba áàpù níta ti tó fún un. Ẹni tó ń lo Windows tó ní ìwé àṣẹ, tó sì ń gba àtúnṣe, kò sí nínú ewu tó yẹ kó sá fún. Àwọn tí Linux wúlò fún jù ni àwọn tó ń fi láptọ́ọ̀pù àtijọ́, tí Windows orí rẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ tàbí tí kò gba àtúnṣe mọ́, ṣètò owó, pàápàá owó àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí yóò ná wọn ni dátà nǹkan bíi gígábáìtì mẹ́ta fún ìgbàsílẹ̀ Linux Mint, àti sùúrù ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti mọ ẹ̀rọ tuntun, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lè ràn wọ́n lọ́wọ́ lé lórí. Bí wọ́n bá ṣe èyí tán, tí wọ́n tún wá ń gba ètò láti ibi tí wọn kò mọ̀, wọn kò rí èrè kankan jẹ, nítorí pé inú ìwà mímọ orísun ni èrè Linux wà, kò sì sí ètò ìpìlẹ̀ tó lè bá ènìyàn hù ú.